Àjọ Tí A Kó Ká Tó Dá A

Ọ̀rọ̀ tí Alága bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé gbogboogbò ìparí ọdún ní Kumasi, orílẹ̀-èdè Ghana

  

Lọ́dọọdún, ohun tí Alága máa ń sọ níbi ìpàdé yìí kì í ju ọ̀rọ̀ owó oṣooṣù, ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú àti ọ̀rọ̀ àìgbọ́ra-ẹni-yé láàárín ẹ̀ka kan sí èkejì lọ. Akọ̀wé ti ka gbogbo ìyẹn fún yín nínú ìròyìn ọdún, n kò ní tún un kà. Ọ̀rọ̀ tèmi lónìí dá lórí àrùn jẹjẹrẹ tó ń bá àwọn ọmọdé jà, àti ìdí tó fi yẹ kí àwa oníṣòwò yọ̀ǹda ara wa láti kó owó jọ fún àwọn tó ń ṣe ìwádìí rẹ̀. Ẹ mọ̀ mí. Àwo àti ike ni mò ń tà. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà nílé ẹ̀kọ́. Ìyókù, orí ìsọ̀ ni mo ti kọ́ ọ, nínú ìwé ìròyìn àti lẹ́nu àwọn tó mọ̀ jù mí lọ. Nítorí náà, ohun tí mo bá sọ nípa ìṣègùn, mo kà á, mo sì bi àwọn tó mọ̀ ọ́n léèrè. Èyí tí mo bá sọ nípa ẹgbẹ́ wa, ó ṣojú mi kòrókòró.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí ẹ̀bi tèmi.

Ní ọdún 2019, ọ̀kan nínú àwọn ìyá inú ẹgbẹ́ yìí wá bá mi ní ìsọ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan wú. Wọ́n rò pé eyín ni. Wọ́n ti yọ eyín méjì, wíwú náà kò lọ, ńṣe ló ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́. Wọ́n ti fi àgbo wẹ̀ ẹ́, wọ́n ti gbààwẹ̀ nítorí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa dé ilé ìwòsàn ńlá, oṣù méjì ti lọ. Wọ́n sọ fún wọn níbẹ̀ pé jẹjẹrẹ ni, pé òògùn rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n owó gọbọi ni. Ìyá náà bẹ̀ mí pé kí ẹgbẹ́ yá òun lówó. Mo ṣí ìwé òfin ẹgbẹ́. Ìsọmọlórúkọ wà níbẹ̀, ìgbéyàwó wà níbẹ̀, ìsìnkú wà níbẹ̀, ìṣílé wà níbẹ̀. Àìsàn ọmọdé kò sí níbẹ̀. Mo ní kó ní sùúrù di ìpàdé oṣù tó ń bọ̀, kí gbogbo ilé fọwọ́ sí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù ká ṣe ìpàdé. Ọmọ náà kò lè dúró dè wá.

Ẹ rántí ọjọ́ tí ọmọ náà kú. Owó ìbánikẹ́dùn ti pé kí oòrùn tó wọ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè ìwé òfin lọ́jọ́ náà. Nígbà tí a kó owó náà lọ fún ìyá ọmọ, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó sì tún gbé e padà lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ ṣé o, Bàbá Alága. Ẹ bá mi fi pamọ́ fún ọmọ tó kàn." N kò rí èsì fọ̀. Akápò kọ owó náà sí ojú ìwé tirẹ̀ lọ́tọ̀, kò sì sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án fún ọdún mẹ́rin.

Ọmọ tó kàn dé ní ọdún 2023. Ọmọkùnrin ni, ọmọ ọdún méje, ẹ̀rẹ̀kẹ́ bákan náà. Ìyá tó sọ tirẹ̀ nù yẹn ló kọ́kọ́ rí i nínú ọjà. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan eyín ọmọ náà. Òun ló fa ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ dé ilé ìwòsàn Komfo Anokye lọ́sẹ̀ náà gan-an. Owó tó dá padà la fi san owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n ń lọ gba òògùn. Ìwúlé náà wálẹ̀ bí ẹni tú afẹ́fẹ́ kúrò nínú táyà. Ọmọ náà ti padà sí ilé ìwé. Ní Sátidé tó kọjá, ó bá mi to ike sórí ìsọ̀, ó sì gba owó iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ mi.

N kò sọ pé gbogbo ọmọ tó bá tètè dé ló ń yè. Àwọn dókítà kò sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rí ọmọ méjì, àrùn kan náà, ìlú kan náà. A sin ọ̀kan, èkejì ń tò mí ní ike. Láti ìgbà náà ni mo ti ń bi ara mi pé: òògùn tó wo ọmọ yìí sàn, ta ló wá a rí? Owó ta ni wọ́n fi wá a? Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́.

Burkitt ni wọ́n ń pe àrùn náà. Orúkọ dókítà oníṣẹ́ abẹ kan ni, Denis Burkitt, ọmọ orílẹ̀-èdè Ireland. Ní ọdún 1957, ní ilé ìwòsàn Mulago ní Kampala, olú-ìlú Uganda, wọ́n fi ọmọdé kan hàn án tí àgbọ̀n rẹ̀ wú lọ́tùn-ún lósì. Kò pẹ́, ó tún rí òmíràn. Ó kọ ọ́ jáde ní 1958. Ní 1961, òun àti dókítà méjì mìíràn wọ ọkọ̀ àlòkù kan, wọ́n rin nǹkan bí máìlì 10,000 ní ìlà-oòrùn àti gúúsù Áfíríkà, láti ilé ìwòsàn kan dé òmíràn, tí wọ́n ń fi àwòrán béèrè pé, "Ǹjẹ́ ẹ ti rí irú ọmọ báyìí níbí?" Ìbéèrè àti ìwé àkọsílẹ̀ ni irinṣẹ́ wọn. Ohun tí wọ́n rí ni pé ibi tó móoru, tí òjò ti ń rọ̀, tí ibà ti ń jà, ibẹ̀ ni àrùn yìí pọ̀ sí. Ní 1964, àwọn onímọ̀ mẹ́ta ní London, Epstein, Achong àti Barr, rí kòkòrò fáírọ́ọ̀sì kan nínú kókó tí wọ́n gé lára àwọn ọmọ Uganda. Òun ni fáírọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ tí ayé mọ̀ pé ó lọ́wọ́ nínú jẹjẹrẹ ènìyàn. Lára àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ni wọ́n ti rí i o.

Ẹ má sì rò pé Uganda nìkan ni. Ní UCH ní Ìbàdàn, láti 1962 ni wọ́n ti ṣí ìwé ńlá tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tí jẹjẹrẹ mú sí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Anomah Ngu, ọmọ Cameroon, ṣiṣẹ́ abẹ ní Ìbàdàn náà, ó sì wà lára àwọn tó fi hàn pé òògùn lè wo àrùn Burkitt. Ní 1972, òun àti Burkitt wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Lasker ní Amẹ́ríkà fún iṣẹ́ yìí. Níbí ní Ghana, ní Korle Bu ní Accra, àwọn dókítà bíi Francis Nkrumah, ọmọ Ààrẹ Kwame Nkrumah, ṣe ìwádìí àrùn kan náà ní àwọn ọdún 1970. Àwọn ọmọ tí wọ́n tọ́jú nígbà náà, ọmọ irú wa ni wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kú. Ohun tí wọ́n rí kọ́ lára wọn ló wo ọmọ tí mo sọ fún yín sàn.

Ó yá, owó ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká lọ sí Boston ní Amẹ́ríkà. Dókítà kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Sidney Farber. Nígbà náà, bí jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ bá mú ọmọdé, wọ́n á kàn máa wò ó títí yóò fi kú ni. Ní 1948, Farber kọ ọ́ jáde pé òun fún ọmọ 16 ní òògùn kan, ara 10 nínú wọn yá. Yíyá náà kò pẹ́, àrùn padà wá, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ti ṣí. Ó wá owó tí yóò fi tẹ̀síwájú. Ní ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún ọdún náà, wọ́n gbé ẹ̀rọ rédíò lọ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ọmọkùnrin ọmọ ọdún méjìlá kan tí jẹjẹrẹ mú nínú ìfun. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pamọ́, wọ́n pè é ní Jimmy. Àwọn agbábọ́ọ̀lù tó fẹ́ràn wá kí i. Wọ́n ní kí àwọn tó ń gbọ́ fi owó ránṣẹ́ kí Jimmy lè rí tẹlifíṣọ̀n tí yóò fi máa wo bọ́ọ̀lù. Àwọn ènìyàn fi owó sínú àpòòwé, àwọn ọmọdé kó owó kọ́bọ̀ tiwọn wá. Ó lé ní 200,000 dọ́là tó wọlé. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti dá àpò owó Jimmy sílẹ̀, tó sì ń ṣiṣẹ́ títí di òní. Ọmọ náà ńkọ́? Gbogbo ayé rò pé ó ti kú. Àfi ìgbà tó di 1998 tó jáde, tó ní òun rèé, Einar Gustafson ni orúkọ òun. Ó ti lé ní ọmọ ọgọ́ta ọdún, awakọ̀ akẹ́rù ni, bíi tàwọn tó ń kó ẹrù wa.

Òògùn kan tí wọ́n ń pè ní methotrexate, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni òun àti òògùn Farber yẹn. Ó wà lára òògùn tí wọ́n ń lò fún àrùn Burkitt. Òmíràn tún ni vincristine. Ara òdòdó kan tó ti Madagascar wá ni wọ́n ti rí i, òdòdó wẹ́wẹ́ funfun tàbí aláwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú tí ẹ ń rí lójúde ilé káàkiri ìlú yìí. Mo bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má lọ já a sè o! Májèlé ni. Ìwádìí ọlọ́pọ̀ ọdún ló sọ májèlé náà di òògùn, tó mọ ìwọ̀n tó yẹ ọmọ kékeré.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ gbọ́ tẹni tó jọ yín. Ọmọbìnrin kan wà ní Amẹ́ríkà, Alexandra Scott. Kò tíì pé ọmọ ọdún kan tí jẹjẹrẹ ti mú un. Ní ọdún 2000, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, ó ní òun fẹ́ gbé tábìlì síta, kí òun ta omi ọsàn oníṣúgà, kí òun kó owó rẹ̀ fún àwọn dókítà, kí wọ́n lè wo àwọn ọmọ mìíràn. Ọjà ọjọ́ kan yẹn mú iye tó lé ní 2,000 dọ́là wá. Ọdọọdún ló ń tà á, àwọn mìíràn náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé tábìlì tiwọn síta fún un. Nígbà tó kú ní 2004, lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, owó náà ti lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là. Ọmọ tó ń ṣàìsàn, ọjà ló ná. Ṣé àwa tí a bí sórí ọjà ni kò ní mọ̀ ọ́n ná?

Ibi tí mo ń lọ nìyí. Gbogbo wa la mọ àjọ. A mọ̀ pé ẹni tó bá kó ṣáájú, ó di dandan kó máa dá a títí tí gbogbo ènìyàn yóò fi kó. Ẹni tó bá kó tirẹ̀ tán tó sá lọ, a mọ orúkọ tí a ń pè é. Ẹ̀yin ará mi, a ti kó àjọ yìí. Ọmọ ilé ìwé tó kó kọ́bọ̀ rẹ̀ sínú àpòòwé ní 1948 kò mọ Kumasi. Àwọn ìyá tó gbé ọmọ wọn lọ sí Mulago, sí UCH, sí Korle Bu, kò mọ̀ wá. Gbogbo wọn dá a. Ní 2023 ó kàn wá, a kó o, ọmọ kan gbé e wá sílé. Èwo ni a ti dá nínú rẹ̀?

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọ́n á ní, "Àwọn òyìnbó lówó, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe ìwádìí wọn." Òótọ́ ni, wọ́n lówó. Àjọ ìlera àgbáyé sọ pé nǹkan bí ọmọ 400,000, láti ọmọ ọwọ́ dé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ni jẹjẹrẹ ń mú lọ́dọọdún. Ní àwọn ìlú ọlọ́rọ̀, ó lé ní 80 nínú 100 tó ń yè. Ní ọ̀pọ̀ ìlú tí kò lówó, kò tó 30. Ṣùgbọ́n àrùn Burkitt ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wọn. Ilẹ̀ ẹ̀fọn àti ibà ni ilé rẹ̀. Kò sí oníṣòwò tí í kó ọjà tí aládùúgbò rẹ̀ kò rà. Bí a kò bá dá sí ìwádìí ohun tó ń pa ọmọ tiwa, ta ló fẹ́ fi ṣáájú?

Àwọn kan á ní, "Wọ́n á fi ọmọ wa dán nǹkan wò." N kò ní fi ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó ní ẹbí ní Kano kò gbàgbé òògùn tí wọ́n dán wò lára àwọn ọmọdé nígbà àjàkálẹ̀ yírùnyírùn ní 1996, ọ̀rọ̀ tó dé ilé ẹjọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dá àjọ ló lè ní kí wọ́n ṣí ìwé àjọ fún òun. Bí a bá wà níbẹ̀, a ó béèrè: kí ni ẹ fẹ́ ṣe, ṣé òbí gbọ́ ọ yé, ṣé ó lè kọ̀? Ẹni tó jókòó sílé kò lè béèrè.

Àwọn àgbà kan á sì ní, "Ìlú ẹlòmíràn nìyí. Ṣé ẹ ti gbàgbé 1969?" N kò gbàgbé. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún yẹn ni ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò níwèé jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Bàbá mi fi ìsọ̀ àti gbèsè tí wọ́n jẹ ẹ́ sílẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n níbí ni àwọn ọmọ wa wà báyìí. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ọmọ Ashanti àti ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ń dùbúlẹ̀ ní yàrá kan náà, òògùn kan náà ló ń wọ ara wọn.

Ohun tí mo dá lábàá rèé, kí ẹ jíròrò lé e lórí.

Ìkíní, láti ọdún 2022, ìwé ìlera NHIS ti Ghana ti ń san owó ìtọ́jú oríṣi jẹjẹrẹ ọmọdé mẹ́rin, Burkitt sì wà nínú rẹ̀. Kí olúkúlùkù lọ forúkọ ọmọ rẹ̀ sílẹ̀, kí ó má jẹ́ kí káàdì náà kú. Kò san owó ọkọ̀, kò san owó oúnjẹ. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ yóò ti wọlé, láìdúró de ìpàdé. Mo fẹ́ kí a kọ àìsàn ọmọdé sínú ìwé òfin wa lónìí.

Ìkejì, ní oṣù kẹsàn-án, tí gbogbo ayé fi ń rántí àwọn ọmọ tí jẹjẹrẹ mú, kí a ya Sátidé kan sọ́tọ̀. Kí gbogbo ìsọ̀, gbogbo gbàjámọ̀, gbogbo aránṣọ inú ẹgbẹ́ yìí dá èrè ọjọ́ náà. Èrè ni mo wí, n kò pe owó ọjà. Kí àwọn ọ̀dọ́ gbé tábìlì omi ọsàn síta bíi ti Alexandra.

Ìkẹta, kì í ṣe owó nìkan. Ọmọ púpọ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú tí wọn kò parí rẹ̀, nítorí ọ̀nà jìn, nítorí ara ọmọ ti yá díẹ̀, nítorí ìyá kò gbọ́ èdè. Mo fẹ́ ẹni mẹ́wàá tí yóò yọ̀ǹda ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, bí ilé ìwòsàn bá gbà wá láyè, tí yóò máa túmọ̀ èdè, tí yóò sì máa tẹ àwọn òbí tí kò wá mọ́ láago. Ìwádìí nìyẹn náà jẹ́. Láti 2012 ni wọ́n ti ń kọ ìwé orúkọ jẹjẹrẹ ní Kumasi níbí, ṣùgbọ́n oníṣòwò tí kò mọ ibi tí oníbàárà rẹ̀ wọlé sí kò lè mọ̀ bóyá ó jèrè tàbí ó pàdánù. Dókítà tí kò mọ ibi tí ọmọ wà kò lè mọ̀ bóyá òògùn òun ṣiṣẹ́.

Ìkẹrin, ẹ kò gbọdọ̀ fi owó náà lé èmi lọ́wọ́. Kí ó ní ìwé tirẹ̀ ní báǹkì, kí ẹni mẹ́ta máa buwọ́ lù ú, kí ìyá tó dá owó ọmọ rẹ̀ padà jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, bó bá gbà. Kí ìdajì lọ sí owó ọkọ̀ àti oúnjẹ àwọn ọmọ, kí ìdajì lọ sí iṣẹ́ ìwádìí jẹjẹrẹ ọmọdé, ní ojú ibi ìgbowó ilé ìwòsàn gan-an, pẹ̀lú rìsíìtì. Kí wọ́n ka rìsíìtì náà sétí gbogbo ilé lọ́dọọdún, kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé yìí.

Owó wa kò lè pọ̀. Mo mọ̀. Ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí, ṣùgbọ́n igbá tí a kò nawọ́ sí rárá, ilẹ̀ ni yóò wà. Mo ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èrè ọjọ́ méjì tèmi, Akápò ti kọ ọ́ sí ojú ìwé tí ìyá yẹn ṣí fún wa ní 2019. Orúkọ rẹ̀ ló wà lókè, tèmi ló tẹ̀ lé e. Ààyè púpọ̀ ṣì kù nísàlẹ̀.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká fi owó ìbánikẹ́dùn sin ọmọ wa mọ́.